Orin Òkúta

"Ẹ dúró! Ẹ dúró níbẹ̀!"

Ọ̀gá Oyèníran fi ọ̀pá kékeré ọwọ́ rẹ̀ gbá orí tábìlì, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin sì dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé tí wọn kò tíì fi gíláàsì sí wọ inú Ṣọ́ọ̀ṣì Ìràpadà ní Ìgandò, eruku pupa ojú ọ̀nà Ìkọ̀tún sì ń bá a wọlé. Morónkẹ́ kò dúró kí ọ̀gá yíjú kó tó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá bá. Ta ni yóò tún jẹ́, bí kò ṣe áátò, àwọn tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, tí òun náà wà lára wọn?

"Áátò, ẹ tún ti sá fún un," ni ọ̀gá wí. "Ohùn tì ni mo kọ. Tì ni kí ẹ mú. Ẹ má jẹ́ kí àwọn sòpúránò fà yín gòkè, ẹ má sì jẹ́ kó rẹ̀ yín kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ dì í mú!"

"Kò dùn, sà." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Morónkẹ́ kó tó rí i dì mú.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Oyèníran wò ó láti orí dígí ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kó dùn?" Ó sì tún gbé ọ̀pá sókè.

Ìdáhùn yẹn bí Morónkẹ́ nínú ju ìbáwí lọ. Bí orin kò bá ní dùn, kí ni wọ́n ń kọ ọ́ fún? Ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti ń kọ́ orin yìí fún ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1992. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Akọ̀wé ìjọba ni lójú ọ̀sán, orin kíkọ ló ń fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe. Ó pe orin náà ní *Òkúta Ẹnu Ibojì*, kò sì jọ orin kankan tí wọ́n ti kọ rí. Orin inú ìwé máa ń rìn lọ́nà tí èèyàn lè mọ ibi tó ń lọ. Bí o kò bá mọ ẹsẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ kìn-ín-ní yóò júwe rẹ̀ fún ọ. Èyí kò júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Ìlù márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà sí i, bí ìrìn ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn. Àwọn báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn ọkùnrin, á kọ́kọ́ máa kùn nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn tẹ́nọ̀, ohùn òkè wọn, á ní ilẹ̀ kò tíì mọ́. Àwọn sòpúránò, tí wọ́n dúró fún àwọn obìnrin tó ń lọ sí ibojì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ta ni yóò bá wa yí i?" Ìgbà márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, orí dò ni wọ́n sì ń bà sí lẹ́ẹ̀màrààrún.

Àwọn áátò ńkọ́? Wọn kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ẹnu dídé, imú ni wọ́n ń gbà kọ ọ́, tì kan ṣoṣo yẹn, tó wà lábẹ́ dò gbágbáágbá, fún odindi ìṣẹ́jú méjì. Ohùn méjèèjì á wá máa ha ara wọn. Bí ẹ̀ẹ̀karùn-ún bá parí, gbogbo ẹgbẹ́ á dákẹ́ fún ìlù márùn-ún, lẹ́yìn náà ni ibojì á ṣí.

"Morónkẹ́," ni Yẹ́misí, aṣáájú àwọn sòpúránò, sọ nígbà tí wọ́n ń kó ìwé, "ṣé ẹ ti lọ ata tán? Ẹ̀rọ ìlọta yín mà ń pariwo o."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lucy, ọ̀rẹ́ Morónkẹ́ tí òun náà ń kọ áátò, rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀, ó sì yára dákẹ́. Morónkẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bẹ ọ̀gá pé kó gbé òun lọ sí sòpúránò, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá sọ pé ohùn rẹ̀ kò gòkè tó.

Ẹnì kan ṣoṣo ni tì kì í já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwọn áátò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìyẹn Ìyá Susanna tó máa ń jókòó ti Morónkẹ́. Màmá náà kò mọ orin kà, etí ló fi ń gbọ́ ọ. Ọdún tó kọjá ló sin Susanna, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ìjókòó ọmọ náà ni Morónkẹ́ sì ń jókòó sí báyìí. Bí ohùn àwọn tó kù bá ń yẹ̀ kiri, ohùn màmá á kàn dúró síbẹ̀ gbọin. Morónkẹ́ kà á sí pé àgbà ni wọ́n, wọn kò mọ orin tó dùn yàtọ̀ sí èyí tí kò dùn.

Kí wọ́n tó túká, ọ̀gá ní iléeṣẹ́ òun ń rán òun lọ sí Ìlọrin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun yóò padà ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde. Gbóyèga, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan láti Ẹ̀gbẹ́dá tó ń kọ tẹ́nọ̀, ni yóò máa darí wọn.

"Ẹ sì fetí sí mi dáadáa," ni ó wí. "Àlùfáà àgbà kan ń bọ̀ láti Ìkẹjà lọ́jọ́ náà. Orin Yorùbá tuntun ni wọ́n ń wá, èyí tí àádọ́ta ẹgbẹ́ akọrin yóò jọ kọ ní oṣù kọkànlá, tí wọ́n yóò sì tẹ̀ sínú ìwé. Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń kọ orin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò gbọ́ wa."

Ó wá na bébà áátò sí Morónkẹ́. Ẹyọ kan tí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni, ó sì ti ń ya. "Ìwọ ni ọwọ́ rẹ mọ́ jù. Da á kọ lọ́nà mẹ́jọ. Bó o ṣe rí i ni kó o kọ ọ́ o."

"Yẹs sà," ni Morónkẹ́ dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀tún, ó fi rúlà fa ìlà, ó ń kọ. Lucy jókòó tì í, ó ń jẹ gúgúrú. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ orin ní ẹgbẹ́ wọn: d fún dò, s fún sò, t fún tì. Morónkẹ́ kọ t, ó fa ìlà tẹ̀lé e. Ó tún kọ t, ó tún fa ìlà. T, ìlà, ìlà, ìlà. Nígbà tí yóò fi dé ìdajì bébà kìn-ín-ní, ọwọ́ ń dùn ún, ọkàn rẹ̀ sì ti gbóná.

"Wo ìyà," ni ó wí. "Èmi kọ ọ́ sí bébà tán, èmi náà ni màá tún dúró fi ohùn kọ ọ́ bí ẹ̀rọ, kí Yẹ́misí lè ráyè fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

"Yí i padà, jàre," ni Lucy wí, gúgúrú kún ẹnu rẹ̀.

"Kí n yí kí ni padà?"

"Fi sò sí i. Ìwọ kọ sò, kí èmi kọ dò, ká gbọ́."

Wọ́n dán an wò. Sò bá dò mu rẹ́gí, kò sí ìjà kankan. Ìyá Morónkẹ́ dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èyí mà dùn o!" Ohun tí Morónkẹ́ ń fẹ́ gbọ́ láti oṣù méjì gan-an nìyẹn.

"Ṣé o ti rí i?" ni Lucy wí. "Ta ni yóò mọ̀? Ọ̀gá ti lọ sí Ìlọrin. Bí wọ́n bá fi máa dé, tó bá ti dùn, wọn yóò tún dúpẹ́ ni."

Morónkẹ́ wo bébà náà títí. Ó mọ̀ pé orin olórin ni. Ó ká bébà tó ti kọ dé ìdajì, ó sọ ọ́ nù, ó mú òmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ s. Ọwọ́ rẹ̀ wá yá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti pé, wọ́n mọ́ tónítóní. Ó ti bébà ọ̀gá bọ àárín ìwé ìṣirò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Gbóyèga gba ọ̀kan, ó wò ó, ó fajú ro. "Sò? Ṣebí tì ni a ti ń kọ bọ̀?"

Ibi tí Morónkẹ́ ti lè yí padà nìyí. Ó lè ní òun ṣì í kọ, kí òun lọ tún un kọ. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ènìyàn ti wà lára rẹ̀, Yẹ́misí sì wà lára wọn. "Ọ̀gá ló yí i kí wọ́n tó lọ, bọ̀ọ̀dá," ni ó wí. "Wọ́n ní a ò lè mú tì."

Gbóyèga gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́? Ọ̀gá Oyèníran kì í yé tún orin rẹ̀ ṣe. Wọ́n kọ ọ́, ó sì tòrò mini. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró sójú fèrèsé láti gbọ́. Yẹ́misí pàápàá ní, "Háà, ẹ̀yin áátò wá di ènìyàn!" Inú Morónkẹ́ dùn títí ó fi wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó rí i pé Ìyá Susanna kò lanu rárá.

"Màmá, ẹ ò kọrin ni?"

"Mi ò rí ibi tí màá gbé e sí, ọmọ mi," ni màmá dáhùn jẹ́jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, màmá kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, màmá kò tún wá. Morónkẹ́ pàdé wọn lọ́nà ilé ìwé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ń dun àwọn. Ó rí i pé ẹsẹ̀ yẹn ń rìn dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹ́ lọ bá Gbóyèga, ṣùgbọ́n irọ́ náà ti wọlé sẹ́nu gbogbo ẹgbẹ́, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́.

Ó fọkàn sí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde. Bí ọ̀gá bá dé, wọn yóò ṣe ìdánrawò ìkẹyìn, òun yóò yọ́ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé ọ̀gá bàjẹ́ sí ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Òwúrọ̀ Àjíǹde ló dé, ó fi báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ akọrin lé ṣòkòtò tí eruku ti bò, wọ́n sì ń ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́wọ́. Kò sí àyè ọ̀rọ̀. Àlùfáà àgbà láti Ìkẹjà wà ní ìjókòó iwájú, ó mú kálàmù dání.

Ọ̀gá gbé ọ̀pá sókè. Báàsì kùn, tẹ́nọ̀ ní ilẹ̀ kò tíì mọ́. Sòpúránò béèrè ìbéèrè wọn. Ọ̀gá yí ọwọ́ òsì sí áátò, ó ká ìka jọ bí ẹni fẹ́ di nǹkan mú, sò sì jáde, ó rọra, ó dùn.

Morónkẹ́ rí ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá dúró nínú afẹ́fẹ́ fún ìlù kan gbáko. Ó wo áátò láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn, ojú rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí àyè Ìyá Susanna tó ṣófo. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í darí wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè márààrún kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́ fún ìlù márùn-ún, àwọn ìjọ rò pé orin ti tán, ẹnì kan ní "Àmín." Ibojì wá ṣí, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣí.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà àgbà bọ ọ̀gá lọ́wọ́. "Orin tó dùn ni, ọ̀rẹ́ mi. Kò ni etí lára rárá. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wa. Èyí tí a kò tíì gbọ́ rí là ń wá." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń lọ.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pa aṣọ dà, ọ̀gá jókòó sórí àpótí. Ó jọ pé ó ti gbó sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Gbóyèga," ni ó wí, "mo fi orin lé ọ lọ́wọ́. Torí pé kò rọrùn, o yí i padà?"

"Èmi kọ́, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yí i."

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Gbóyèga wolẹ̀. Kò fẹ́ dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀gá mi orí. "Mo ti sọ fún àwọn alàgbà pé ìwọ ni màá fa ẹgbẹ́ yìí lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ó dà bíi pé mo yára sọ̀rọ̀."

Lucy tẹ ẹsẹ̀ Morónkẹ́ mọ́lẹ̀ pé kó dákẹ́. Morónkẹ́ mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ yóò parí sórí Gbóyèga. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ti Lucy. Ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni, sà. Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga béèrè, mo sì parọ́ fún wọn. Kò dùn mọ́ mi ni mo ṣe yí i."

Ó ti múra sílẹ̀ fún ìfọ́tí, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò dìde. Ó kàn bọ́ dígí, ó ń fi etí aṣọ nù ún, kò sì dáwọ́ dúró.

"Tì yẹn ni òkúta náà, Morónkẹ́," ni ó wí níkẹyìn. "Àwọn obìnrin ń béèrè ẹni tí yóò yí i, òkúta sì wà níwájú wọn, kò mira. Ẹ̀yin ni òkúta. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, láti tì sí dò, òun ló kéré jù nínú gbogbo orin náà, ohun gbogbo á sì ṣí. Bí ẹ bá ti gbé òkúta kúrò láti àárọ̀, kí ni a fẹ́ yí?"

Omijé bọ́ lójú Morónkẹ́, ṣùgbọ́n inú tún ń bí i. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa, sà? Oṣù méjì! Ẹ kàn ń sọ pé ká dì í mú, ká dì í mú."

Ọ̀gá gbójú sókè. "Òótọ́ ni. Ó yẹ kí n sọ. Mo rò pé ẹ ó gbọ́ ọ fúnra yín. Ìyá Susanna gbọ́ ọ." Ó gbé dígí padà sójú. "Dìde. Gbóyèga, má bínú. Morónkẹ́, ìwọ ni yóò lọ bá gbogbo áátò nílé wọn, o ó sọ ohun tó o ṣe, o ó sì kọ́ wọn ní tì náà padà. Ilé Ìyá Susanna ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé màmá ní ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin. Màmá ń ṣa ìrẹsì lórí ìjókòó. Morónkẹ́ kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ṣé o rí i," ni wọ́n wí, ọwọ́ wọn kò kúrò nínú ìrẹsì, "nílé, wọ́n ní kí n gbàgbé. Nígboro, wọ́n ní kí n gbàgbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n máa yọ̀. Inú ohùn yẹn nìkan ni mo ti ń sunkún ọmọ mi tí kò sí ẹni tó ní kí n dákẹ́. Nígbà tí ẹ mú un kúrò, mo ní, ó dáa náà, ó ti sú àwọn yìí pẹ̀lú."

Morónkẹ́ sún mọ́ wọn. Ó fa àwo ìrẹsì sọ́dọ̀, ó bá wọn ṣà á. Nígbà tó yá, màmá fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ tì náà nínú imú, Morónkẹ́ náà sì bá wọn wọ inú rẹ̀.

Ọ̀gá kọ̀wé sí Ìkẹjà pé kí wọ́n gbọ́ àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èsì dé lọ́sẹ̀ kejì: wọ́n ti yan orin tán.

Síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ Àìkú kẹta lẹ́yìn Àjíǹde ni, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ènìyàn kò pé ogójì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn áátò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ di tì mú. Ohùn méjèèjì ń ha ara wọn, àwọn ìjọ ń yí ara padà lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀fun ń dun Morónkẹ́, kò sì sá. Ìdákẹ́jẹ́ dé. Kò sí ẹni tó ní "Àmín" lọ́jọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni tì gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ bá dò, sòpúránò fò sókè lórí rẹ̀, báàsì sì là nísàlẹ̀. Morónkẹ́ gbọ́ tí Ìyá Susanna bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun kò sì dáwọ́ orin dúró. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Yẹ́misí ń fi ọwọ́ aṣọ nu ojú, kò rántí ata.

Ní oṣù kọkànlá, àádọ́ta ẹgbẹ́ akọrin pé jọ ní Ìkẹjà. Wọ́n pín ìwé tuntun fún gbogbo wọn. Morónkẹ́ ka orúkọ àwọn orin inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé orúkọ Ọ̀gá Oyèníran kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá dúró níwájú wọn, ó ṣí ìwé àwọn ẹlòmíràn, ó sì gbé ọ̀pá sókè bí ìṣe rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ lè bá a kó má sì lè gba ohun tí irọ́ ti gbé lọ padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ kò bá dùn mọ́ yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Morónkẹ́ kò béèrè títí ó fi pẹ́ jù. Bébà áátò tó ti fẹ́ ya yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní, kò sì tíì yí lẹ́tà kan padà lórí rẹ̀.